Agolo Sàdíátù àti Àwo Ọjọ́ Jímọ̀

Tí ẹ bá ń wá dókítà tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ wá sí kúù wa ní Ahougnansou, ní Bouaké níbí, lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Kúù ni a ń pe agboolé tí ìdílé mẹ́rin jọ ń gbé. Ẹ ó bá mẹ́fà tàbí méje nínú àwọn dókítà náà lábẹ́ igi máńgòrò, nínú agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí wọ́n ń retí oúnjẹ tí wọn ò rà, tí wọn ò sè, tí wọn ò sì ní fọ àwo rẹ̀. Ṣíọ̀.

Èmi ni Àyọ̀ká, ìyá Ràhmán. Ẹnu géètì kúù yìí ni mo ti ń dín púfù-púfù láràárọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Mi ò kì í parọ́, mi ò sì kì í dákẹ́ níbi tó bá yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ nípa ara mi nìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí ni Sàdíátù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Sàdíátù kò ga. Bó bá dúró sẹ́yìn ìkòkò ńlá, gèlè orí rẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Kumasi ni bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ títí wọ́n fi lé wọn kúrò ní Gánà lọ́dún 1969. Dípò kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá náà yà sí Bouaké, ó ní òun ò lè fi ọwọ́ òfo wọ̀lú. Ibí ni wọ́n bí Sàdíátù sí. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ nílé, Dioula ló fi ń ná ọjà, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, Baoulé ló fi ń bú u. Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ló ń tà lọ́jà. Kì í pariwo. Tí ẹ bá gún un lára, yóò kàn wò yín, yóò sì máa to òwú rẹ̀ lọ. Èmi ò lè ṣe irú ẹ̀.

Jàfárù ni ọkọ rẹ̀. Ní àdúgbò Nimbo ló ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù fún àwọn tó ń fi í gbé èrò. Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ni, ẹni tí kò lè jókòó ti oúnjẹ kó má pe ẹni tó ń kọjá. Ìwà rere ni, mi ò sọ pé kì í ṣe ìwà rere. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kì í wo ìwà. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì ra ẹlẹ́rìndòdò tútù kan mu bó ṣe ń bọ̀ wálé.

Lọ́dún tó kọjá, ó tẹ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀jẹ̀ tó rí nínú bàtà ló jẹ́ kó mọ̀. Egbò náà kọ̀, kò jinná, nígbà tí Sàdíátù sì máa fi fà á dé ọsibítù, ọmọ ìka kékeré ti dúdú. Wọ́n gé e. Dókítà tó gé e jẹ́ obìnrin tí kò ráyè àwàdà. Oṣù mẹ́ta ló fún wọn. Ó ní tí ṣúgà náà bá wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, egbò yóò jinná, Jàfárù yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Tí kò bá wálẹ̀, òun yóò gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Kò tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n wá fún Sàdíátù ní bébà kan tó ń sọ ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ máa jẹ. Sàdíátù ka Faransé inú rẹ̀ fún mi. Ẹ gbà mí o. Wọ́n ya ẹja aláwọ̀ osùn kan tí kò sí nínú odò kankan tí mo mọ̀. Wọ́n ya ewébẹ̀ kan tó dà bí igi tí kò tíì dàgbà. Wọ́n ní kó máa jẹ èso àpù láàárín oúnjẹ méjì. Àpù! Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń ta bọ́tìnì. Ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì dáná fún aláìsàn rí láyé rẹ̀. Mo ní kó fi dá iná. Sàdíátù ń wo àwòrán kan nísàlẹ̀ bébà náà, àwo tí wọ́n fi ìlà pín: ìdajì rẹ̀ ewébẹ̀, ìdá mẹ́rin oúnjẹ tí ń kún ikùn, ìdá mẹ́rin tó kù ẹja tàbí ẹ̀wà. Ó ní èyí kò fẹ́ àpù. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó kì í sábẹ́ òwú.

Lọ́jọ́ kejì ó wá agolo tòmátì kékeré kan tó ti ṣófo, ó fọ̀ ọ́, ó fi òkúta lu etí rẹ̀ kó má baà géni lọ́wọ́. Agolo yẹn ló di òfin ilé wọn. Agolo ìrẹsì kan, tàbí ti atiéké, ìyẹn gbágùúdá rírin tí wọ́n fi ooru sè, ni ti Jàfárù nígbà kan, kò ní lé, kò sì ní dín. Ikàn, ilá àti ẹ̀fọ́ kò ní agolo, kó bù ú bó ṣe wù ú. Ẹja ń bọ́ sórí ààrò dípò inú òróró. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò tún wọlé mọ́.

Ṣùgbọ́n ìkòkò méjì ló ń gbé kaná nígbà náà, ìkan fún aláìsàn, ìkan fún àwọn ọmọ àti àlejò. Yóò tètè ká òwú nílẹ̀ lọ́jà, yóò sáré wá sí ìdí iná, yóò fi ọwọ́ kan ro ti ibí, yóò fi ọwọ́ kejì ro ti ọ̀hún, yóò tún lọ fọ egbò. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó ti sùn lọ lórí àpótí, tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́, ọbẹ̀ sì ń jóná. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò rí ìyẹn. Ojú wọn kì í dé ìdí iná.

Ohun tí wọ́n rí ni àwo. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í dá jẹun. Àwo ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọwọ́ bọ̀, onílé, àlejò àti ẹni tó ń kọjá lọ. Tí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún, ọmọdé ni, tàbí adẹ́tẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Ilé Jàfárù sì ni àwọn ará mọ́sáláṣí rẹ̀ ti ń jẹun Jímọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nísinsìnyí, wọ́n jókòó yí àwo ìrẹsì tí òróró ń dán lórí rẹ̀ ká, Jàfárù jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbé àwo funfun kékeré sórí itan.

Alhájì Misbaudeen, ẹ̀gbọ́n Jàfárù, ni olórí wọn. Tí Misbaudeen bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun á wá tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dárí orílẹ̀-èdè, ó sì mọ bí obìnrin tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ kó tọ́jú ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí àwo funfun náà, ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó bi Sàdíátù bóyá ewúrẹ́ ló ń sìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jàfárù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ náà tán. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n padà sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà náà ti lọ sókè sí i. Dókítà bi Sàdíátù ohun tó ń fún ọkọ rẹ̀ jẹ. Ó sọ ọ́ kan lẹ́yìn èkejì, títí kan agolo. Dókítà náà wò ó bí ẹni ń wo òpùrọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù, kí wọ́n máa múra sílẹ̀. Sàdíátù sọ fún mi pé òun ò mọ bí òun ṣe dé inú takisí.

Misbaudeen pèpàdé. Ìpàdé ni wọ́n mọ̀ ọ́n pè. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta jókòó, wọ́n tún ọ̀fun ṣe, wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, wọ́n wá dá Sàdíátù lẹ́bi. Misbaudeen ṣàlàyé pé ebi ló ń gbé ṣúgà sókè. Ó ní bí ara kò bá rí oúnjẹ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé iléeṣẹ́ ṣúgà wo ló wà nínú ikùn ènìyàn. Ó ní òun yóò gbé àbúrò òun lọ sí Languibonou, níbi tí ìyàwó òun kékeré ń gbé, tí oko wà, tí yóò ti rí oúnjẹ gidi jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, òun ń bọ̀ wá gbé e. Sàdíátù kúnlẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé tí Jàfárù bá ti dé Languibonou, ẹsẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn.

Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní èmi tí mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé mo rí ohunkóhun? Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ìró mi, mo padà sídìí òróró.

Lọ́jọ́ kẹta ìpàdé náà, Sàdíátù ń gbọn ẹní tí Jàfárù fi ń kírun, ni ọ̀rá kan bọ́ sílẹ̀. Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, èso déètì wà níbẹ̀, àti mọ́sà aládùn méjì tí ẹnìkan ti gé jẹ. Fèrèsé wọn kọjú sí tèmi, mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Jàfárù ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń mú un wá. Ó ní sàráà ni, tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní mọ́sáláṣí, wọ́n ti ṣàdúà sí i, sàráà kì í sì í gbé àìsàn wọlé. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó lè wo ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè kó sọ ohun tó ń ṣe é, ló gbà pé àdúà ń yọ ṣúgà kúrò nínú mọ́sà.

Sàdíátù ní, "Bàbá Màríàm, òtítọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

Jàfárù dá a lóhùn.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa dá jẹun. Tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ mi, mo ṣì lè jókòó sídìí àwo pẹ̀lú àwọn ènìyàn mi. Bí o ṣe ń bu tèmi sọ́tọ̀ yìí, o ti gé mi kúrò láàárín wọn kí dókítà tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Inú bí mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé òmùgọ̀ ni, pé ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn, kì í ṣe àwo. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló tún ń dà mí láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi. Kò dárúkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ọmọ ìka rẹ̀, nígbà tí Sàdíátù bá ti lọ ọjà, mo máa ń fún Jàfárù ní púfù-púfù mẹ́ta gbígbóná lẹ́nu géètì. Ó ṣe mí láàánú ni. Yóò jókòó tì mí, àwa méjèèjì yóò jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Èmi tí mò ń bú Misbaudeen. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó dé, mo sọ fún un pé púfù-púfù ti tán. Ó rí wọn kedere nínú abọ́ mi, ó yí padà sílé.

Sàdíátù kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ìkòkò kan nínú méjèèjì ló gbé kúrò nídìí iná. Ó lọ sọ́dọ̀ àlùfáà wọn, Bàbá Màmúdù, ó ní òun fẹ́ ṣe sàráà fún ẹsẹ̀ ọkọ òun, kí wọ́n bá òun ṣàdúà sí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá ní ó dára. Kò bi í ohun tó máa sè.

Ta ló ń kọ sàráà lọ́dọ̀ wa? Ẹni tí wọ́n bá gbé sàráà síwájú rẹ̀ tó kọ̀ ọ́, àdúà inú rẹ̀ ló kọ̀, wọn a ní ó fẹ́ kí aburú náà wà lára ẹni tí wọ́n ṣe é fún. A kì í sọ pé kò dùn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣẹ́ ẹ kù sílẹ̀. Sàdíátù mọ èyí bó ṣe mọ bọ́tìnì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n dé, agbádá lórí agbádá. Sàdíátù gbé àwo ńlá kan ṣoṣo jáde, Jàfárù sì kúrò lórí àga, ó jókòó sórí ẹní láàárín wọn. Bàbá Màmúdù ṣàdúà gígùn. Wọ́n ṣí àwo. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́, ikàn àti ilá. Ẹ̀wà wà níbẹ̀ àti ẹja yíyan. Ìrẹsì jẹ́ agolo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ti ka orí wọn láti ojú fèrèsé. Misbaudeen tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo Bàbá Màmúdù. Bàbá ń jẹun tiẹ̀ lọ. Misbaudeen béèrè bóyá ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn.

Sàdíátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Alhájì, sàráà ẹsẹ̀ àbúrò yín ni. Jímọ̀ méje ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ ẹ́ títí yóò fi pé."

Bàbá Màmúdù ní àmín. Gbogbo wọn ní àmín. Misbaudeen náà ní àmín, ẹ̀fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Languibonou kú síbẹ̀, nítorí ta ló máa gbé ẹni tí wọ́n ń ṣe sàráà fún kúrò nídìí sàráà? Mo wọ yàrá mi lọ rẹ́rìn-ín, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin yìí. Ní Jímọ̀ kejì, ìkan ní òun ń rìnrìn àjò. Ní ẹ̀kẹta, ìkan ní eyín ń dun òun. Àwọn tó kù jẹ ikàn bí ẹni ń sanwó ìtanràn. Misbaudeen kò lè sá, òun ni ẹ̀gbọ́n. Kò tún mú ọ̀rá wá mọ́, nítorí Jàfárù fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé òun ti yó. Ó ti rí ohun tí ebi rẹ̀ ń pa á.

Láwọn ọjọ́ yòókù, ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ. Àwọn ọmọ ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dákẹ́. Sàdíátù fúnra rẹ̀ jókòó sídìí àwo pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ, ohun tí ìyá rẹ̀ kò ṣe rí, kí Jàfárù má baà dá jẹun. Lọ́jọ́ Àìkú, yóò gé ilá, àlùbọ́sà àti ikàn ti ọ̀sẹ̀, yóò dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, yóò kó o sínú fírígò mi kí òtútù má jẹ́ kó bàjẹ́. Bó bá tọjà dé, yóò kàn tú ọ̀rá kan sínú ìkòkò. Mi ò tún bá a níbi tó ti ń sùn lórí àpótí mọ́.

Oṣù mẹ́ta pé. Dókítà tí kì í ṣàwàdà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó yẹ ẹsẹ̀ wò, ó ní ṣúgà ti wálẹ̀, egbò ti ń pa ẹnu dé, òun ò ní gé nǹkan kan. Misbaudeen ti gbọ́ kí wọ́n tó délé. Ó ti ń sọ ní mọ́sáláṣí pé àdúà òun ló gbà, pé Jímọ̀ méje gbáko ni òun fi dúró ti àbúrò òun. Ikùn rẹ̀ ti fà díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní kò hanrun mọ́. Kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣíọ̀, sí i àti irú rẹ̀.

Ìdí òróró ni mo wà nígbà tí Jàfárù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ géètì, tó kí mi, tó kọjá. Sàdíátù dúró. Mo kí i kú oríire. Mo wá gbé Misbaudeen sẹ́nu, mo sọ̀rọ̀ sí i láti orí dé ẹsẹ̀, pé òun àti ọ̀rá rẹ̀ ló fẹ́ sọ ọkọ rẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Sàdíátù jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ìyá Ràhmán, lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan ni Alhájì máa ń wá. Láràárọ̀ ni tiyín. Mo máa ń gbọ́ òórùn òróró yín lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́."

Mo rántí ìpàdé, mo rántí bí ó ṣe kúnlẹ̀ tó ń wo ilẹ̀, tí wọ́n sì bi mí, tí mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ó ti mọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò dárúkọ mi.

Ó ní oúnjẹ ti wà nílẹ̀, kí n wá bá wọn jẹ. Ó wọlé lọ. Mo pa iná, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, òórùn òróró náà ṣì wà níbẹ̀. Mo lọ jókòó sídìí àwo.